OWÓ ILÉ-ÌWÉ KÌ Í ṢE OWÓ OJÚSÀÁJÚ
Ọ̀rọ̀ tí olùdíje wa bá àwọn ará ìlú sọ ní ìpàdé ìta gbangba

Mi ò gbé ìrẹsì wá, mi ò sì gbé ankárá wá. Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni mo bá wá.

Ẹ̀yin àgbà rántí ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955. Ọjọ́ náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà yẹn, a kò tíì rí epo rọ̀bì. Owó kòkó àti owó orí ni wọ́n fi ṣe é. Bí owó kòkó bá tó kọ́ ọmọ, kí ló dé tí owó epo kò tó ra bẹ́ǹṣì?

Ẹ wo ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn ọjà yìí. Páànù ti ṣí, ọmọ ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, olùkọ́ kan ń kọ́ kíláàsì méjì pọ̀. Ti jẹ́lé-ó-sinmi ló wá burú jù. Ìyá ń ta ata, ọmọ ọdún mẹ́rin ń sùn lábẹ́ àtẹ. Ẹ bi àwọn tó wà lórí oyè, wọ́n á ní kò sówó.

Ẹ má gbà á! Òfin ẹ̀kọ́ UBE ti ọdún 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ náírà 2 sọ́tọ̀, ó kéré tán, nínú 100 tó bá wọ àpò rẹ̀, fún ẹ̀kọ́ ọmọdé. Òfin náà ka jẹ́lé-ó-sinmi mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àdéhùn wà níbẹ̀: bí ìpínlẹ̀ bá mú náírà kan wá, Àbújá á fi náírà kan tì í. Ìpínlẹ̀ tí kò bá mú tirẹ̀ wá, owó ọmọ rẹ̀ á jókòó sí Àbújá. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ti jẹ́ kó jókòó bẹ́ẹ̀.

Èyí tó bá wá dé ńkọ́? Ojúsàájú ni wọ́n fi ń pín in. Ìlú tó dìbò fún wọn gba kíláàsì tuntun, abúlé tí kò dìbò fún wọn gba ìlérí. Ṣé ọmọ ọdún mẹ́fà dìbò ni? Kí ló ṣe tí a fi ń fìyà jẹ ẹ́?

Ohun mẹ́ta la ó ṣe. Èkíní, owó tó yẹ kí ìpínlẹ̀ mú wá ni a ó kọ́kọ́ yọ, kí a tó ra ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èkejì, iye ọmọ àti bí ilé-ìwé ṣe bàjẹ́ tó ni a ó fi pín in, kì í ṣe iye ìbò. Ẹ̀kẹta, a ó lẹ iye owó tó dé àti ohun tí a fi rà mọ́ ara ògiri ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ wò kí agbaṣẹ́ṣe tó gbowó. Bí a bá dé ibẹ̀ tí a kò ṣe é, ẹ lé àwa náà.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin làgbà ọjà yìí. Ẹ má ta ìbò yín. Lọ́jọ́ ìdìbò, ẹ rántí ọmọ tó ń sùn lábẹ́ àtẹ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ka.