Àrò Òru: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Nọ́ọ̀sì Tuntun ní Ìròlú

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wọ aṣọ funfun, tí ẹ ń ṣe bí ẹni pé ooru ò mú yín, ẹ kú oríire. Wọ́n ní kí n má lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ aago wò.

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹ ti ń kọ́ṣẹ́ nílùú wa yìí, ẹ ti wọn ìfúnpá wa, ẹ ti gbé ọmọ wa sórí òṣùwọ̀n, ẹ ti bá àwọn àgbàlagbà jà nítorí iyọ̀. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà tí ẹ ò tíì wọn ìfúnpá rẹ̀. Ẹ ti rí i ní gbogbo wọ́ọ̀dù tí ẹ ti ṣiṣẹ́. Òun ló ń gbé fúláàsì kiri, òun ló ń tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì lóru, òun ni ẹ máa ń pariwo pè: "Rẹ́létíìfù bẹ́ẹ̀dì keje!" Bó bá sáré dé, ẹ ó na ìwé oògùn sí i pé kó lọ rà á wá. Ọdún 31 ni mo fi pe ìpè yẹn. N ò bi ẹyọ ẹnìkan nínú wọn bóyá ó ti jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àǹtí mi fún yín.

Jẹjẹrẹ ọmú ló mú ìyá wa. Nígbà tí a fi máa mọ ohun tó jẹ́, ó ti la ara jáde, ó ti di egbò. Èmi wà l'Ékòó, lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yìí náà. Àǹtí mi wà nílé níbí, ó ń ta obì. Ẹ mọ bí a ṣe ń pín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí: ẹni tówó ń wọlé fún á fowó ránṣẹ́, obìnrin tó bá wà nítòsí á máa tọ́jú. Ẹnikẹ́ni ò pe ìpàdé lé e lórí. Oṣù mẹ́rìnlá ni àǹtí mi fi tọ́jú Ìyá. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó fi pa ìsọ̀ obì rẹ̀ tì. Èmi á pè lálaalẹ́: "Ṣé owó ti wọlé? Ẹ kú ìtọ́jú o." Lójú tèmi, mo ti ṣe tèmi.

Egbò náà ń rùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí irú ẹ̀ mọ òórùn tí mò ń wí, èyí tí í dúró sínú aṣọ lẹ́yìn tí a ti fọ̀ ọ́ tó ti gbẹ. Àǹtí mi á ya ìró àtijọ́ sí wẹ́wẹ́, á sè é nínú omi, á sá a, á fi di egbò. Á kó káńfọ̀ sí kọ̀rọ̀ yàrá, á tún wọ́n lọ́fíńdà lé e. Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́nu ọ̀nà kí Ìyá. Nígbà tó yá, ojú títì ni wọ́n ti ń kí i. Bí èmi bá sì ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, àǹtí mi á ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe kí n tó dé, torí kò fẹ́ kí ojú ti Ìyá lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀.

Ní oṣù keje ìtọ́jú náà, mo dé láì sọ tẹ́lẹ̀. Òórùn náà pàdé mi lóde. Mo gbé àpò kalẹ̀, mo mú hóró Flagyl, mo lọ̀ ọ́ kúnná bí ẹ̀lùbọ́, mo fi omi iyọ̀ wẹ egbò náà, mo wọ́n ọn sí i. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, òórùn náà rọlẹ̀ débi pé Ìyá ní kí a gbé àga òun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí òun lè rí ènìyàn. Àǹtí mi fara ti férémù ilẹ̀kùn, ó ń wò mí. Ó ní, "O ti mọ èyí tẹ́lẹ̀?"

Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi yín láìmọye ìgbà. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ń lọ náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n kọ oògùn, wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n á padà wá, kò sẹ́ni tó bi obìnrin tó gbé aláìsàn wá léèrè bó ṣe ń di egbò nílé. Bí inú wọn bá ń bí mi, mo máa ń rántí pé èmi tí a jọ bí gan-an ò bi í.

Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2022, jẹjẹrẹ tuntun tó 127,763 ló wọlé sára àwọn ará Nàìjíríà, ènìyàn 79,542 sì kú. Wọn ò ka àwọn tó ń gbé fúláàsì mọ́ ọn. Ní Calabar, ìwádìí kan tó jáde ní 2014 fọ̀rọ̀ wá ènìyàn 210 lẹ́nu wò, gbogbo wọn jẹ́ ẹbí tó ń tọ́jú alárùn jẹjẹrẹ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ibẹ̀. Àwọn tí ẹrù náà wọ̀ lọ́rùn gidigidi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹnìkan rántí bi wọ́n.

Àwọn bàbá wa tó dáko nílẹ̀ Rẹ́mọ mọ ìyàtọ̀ ọ̀wẹ̀ sí àrò. Bí o bá bẹ ọ̀wẹ̀, gbogbo ènìyàn á ya dé lọ́jọ́ kan, wọ́n á bá ọ ṣiṣẹ́, o ó bọ́ wọn, ó parí. Ti àrò yàtọ̀: àwa márùn-ún la jọ ń ṣe é, lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, títí á fi yí ká, ẹni tí wọ́n ti bá ro tiẹ̀ ò sì gbọdọ̀ sá. Jẹjẹrẹ, àìsàn àrò ni. Ọ̀wẹ̀ la fi ń bá a jà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìròyìn kọ́kọ́ jáde, ilé wa kún: pásítọ̀ dé, lèmọ́mù dé, ẹgbẹ́ Ìyá dé, búrẹ́dì àti Lucozade kún orí tábìlì. Ní oṣù karùn-ún, ó ku àǹtí mi nìkan. Búrẹ́dì kọ́ ló ń wá. Òru kan ló ń wá, òru kan péré lọ́sẹ̀ tí ẹlòmíràn á bá a sùn ti Ìyá kí òun náà lè fi ojú kan oorun.

Nítorí náà, bí ẹ bá débi tí ẹ máa ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ Babcock ní Ìlíṣàn níhìn-ín, ìbáà jẹ́ Ọlábísí Ònàbáńjọ ní Ṣágámù, ìbáà jẹ́ ibùdó ìlera kékeré tí iná rẹ̀ ò dúró, ẹ dá àrò òru sílẹ̀. Ẹ má dúró de ilé tí ìjọba máa kọ́. Ìwé ńlá kan tó, àti ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá gbé alárùn jẹjẹrẹ wá, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì, kí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i. Ẹ wọn ìfúnpá tirẹ̀ náà. Ẹ bi í bó ṣe ń sùn, ẹ bi í ta ni ó lè ràn án lọ́wọ́, kí ẹ pe onítọ̀hún níṣojú rẹ̀. Ojú máa ń ti ènìyàn láti bẹ ẹbí rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá bá a bẹ̀ wọ́n, wọn kì í lè kọ̀ bọ̀rọ̀. Àwọn tí ẹ bá kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ẹ kó wọn jọ lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n mọ ara wọn. Àwọn gan-an ni wọ́n máa di àrò fún ara wọn.

Ẹ sì kọ́ wọn níṣẹ́, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe é níwájú yín: bí a ṣe ń yí ẹni tí kò lè dìde, bí a ṣe ń nu ẹnu tó ti gbẹ, ti Flagyl yẹn. Ẹ kọ́ wọn bí a ṣe ń lo mọ́fíìnì olómi fún ìrora ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, kí oògùn tó ń rọ ìgbẹ́ sì bá a rìn, torí mọ́fíìnì máa ń dí ènìyàn nígbẹ́. Àwọn ènìyàn wa ń bẹ̀rù mọ́fíìnì bí ẹni pé ikú ló wà nínú ìgò, àwọn nọ́ọ̀sì kan náà sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Ní Ùgáńdà, níbi tí Dókítà Anne Merriman ti dá Hospice Africa sílẹ̀ ní 1993, òfin ti fàyè gba nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ láti kọ mọ́fíìnì fún aláìsàn láti 2004. Nílé wa níhìn-ín, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn ti fi hàn pé a lè gbé ìtọ́jú lọ bá aláìsàn nínú ilé rẹ̀. Ìbàdàn ò jìnnà. Ẹ lọ wò wọ́n.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iṣẹ́ àánú ni èyí, pé kì í ṣe iṣẹ́ ìmọ̀, ẹ sọ ti Laurel Northouse fún un, nọ́ọ̀sì bíi tiyín ní Michigan. Ní 2010, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 29 jọ lórí irú ètò báyìí fún ẹbí alárùn jẹjẹrẹ. Àǹfààní tí wọ́n rí ò ga bí òkè, ṣùgbọ́n ó wà: ẹrù náà fúyẹ́ sí i, àwọn tó ń tọ́jú sì túbọ̀ mọ ọ̀nà tí wọ́n á fi rù ú.

Ti owó ńkọ́? N ò ní purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ owó le. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìtọ́jú onítànṣán lè máa lọ lójoojúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ní Ìbàdàn tàbí ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó níbi tí wọ́n ti ṣí ibùdó jẹjẹrẹ ti ilé ìwòsàn LUTH ní 2019. Kí ẹ tó kọ ìwé tó máa gbé e débẹ̀ lé e lọ́wọ́, ẹ bèèrè ibi tí ẹni tó máa gbé e lọ láti Ìròlú á máa sùn. Ọmọ ìlú kan lè wà ní Mushin tó ní yàrá tó ṣófo. Ẹnikẹ́ni ò kàn béèrè rí ni.

Nígbà tí Ìyá kú, ìpàdé ẹbí mẹ́rin la ṣe lórí òkú rẹ̀. A jà nítorí àwọ̀ aṣọ ẹbí. Mo wà ní gbogbo ìpàdé náà. Àǹtí mi jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń sùn.

Ìṣẹ́jú mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Bọ́ọ̀sì yín wà níta, dírẹ́bà ti ń fọn fèrè. Ṣùgbọ́n èbìrìpò wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ẹ má lọ láìjẹun. Obìnrin tó ń pín in, tó wé gèlè aláwọ̀ ewé yẹn, òun ni àǹtí mi. Ẹ kúnlẹ̀ kí i, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí i, kí ẹ sì bi í ní orúkọ rẹ̀.