Nọ́ńbà Ni Ẹ̀rọ Ń Tọ́jú
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a sọ ní Ìkọ̀lé-Èkìtì

Láti 2011 ni yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ sì wà níhìn-ín ní Ìkọ̀lé, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí ìtumọ̀. Báìtì kan ni àyè tó lè gba nọ́ńbà kan, láti 0 dé 255. ROM ni ibi tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ kọ nǹkan sí, tí iná bá lọ, kò ní parẹ́. RAM ni ibi tí iṣẹ́ tìrẹ ń gbé. Bí iná bá lọ, òun náà lọ. BASIC ni èdè tí Kemeny àti Kurtz gbé kalẹ̀ ní Dartmouth, Amẹ́ríkà, ní 1964. Ó tó.

Ẹ wá wo bí àyè ṣe há tó nígbà náà. Kọ̀ǹpútà ZX81 tí Sinclair gbé jáde ní Ìlú Ọba ní 1981, báìtì 1,024 péré ni RAM rẹ̀. Ètò tí o kọ, iye tí o fi pamọ́ àti ohun tó ń hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, gbogbo wọn ló ń pín in. Commodore 64 ti 1982 sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ bí o bá tàn án, 38911 báìtì ló máa sọ pé ó kù fún BASIC. Bí àṣẹ PRINT, tó ń mú kí ẹ̀rọ kọ ọ̀rọ̀ síta, bá ń jẹ báìtì márùn-ún, tí o sì kọ ọ́ nígbà ogún, ọgọ́rùn-ún ti lọ kí o tó sọ ohun tí o fẹ́ kó tẹ̀.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i kò le. BASIC tí Bill Gates, Paul Allen àti Monte Davidoff ṣe fún kọ̀ǹpútà Altair ní 1975 ti ń lò ó, Commodore sì jogún rẹ̀. Lẹ́tà A, B, C àti ẹgbẹ́ wọn kò kọjá nọ́ńbà 127, nítorí náà láti 128 lọ sókè ṣófo. Wọ́n fi àwọn nọ́ńbà yẹn fún ọ̀rọ̀ àṣẹ: END gba 128, FOR gba 129, GOTO gba 137, PRINT gba 153. Bí o bá tẹ bọ́tìnì RETURN, ẹ̀rọ á wo tábìlì ọ̀rọ̀ tó wà nínú ROM, á yọ lẹ́tà kúrò, á fi nọ́ńbà kan ṣoṣo sí ipò wọn. Bí o bá ní kó to ètò náà jáde, á tún padà sí tábìlì, á kọ ọ̀rọ̀ náà fún ọ ní kíkún. Àrokò ni: ohun kékeré ló ń rìn lọ́nà, ẹni tó rán an àti ẹni tó gbà á ló mọ gbogbo ohun tó dúró fún. Kódà tábìlì náà kò fi àyè ṣòfò. Kí ẹ̀rọ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí, wọ́n fi 128 kún lẹ́tà ìkẹyìn, GOTO wá di 71, 79, 84, 207.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ọ̀rọ̀ tó ti ń dùn mí tipẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń sọ pé Yorùbá kò ṣeé fi pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, pé ọ̀rọ̀ wa gùn, pé àmì wa ń jẹ àyè. Nígbà tí Anuoluwapo Karounwi ṣe èdè kọ̀ǹpútà Yorlang, tí "sọpé" ń ṣe iṣẹ́ PRINT nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn gbé ìṣirò kò mí lójú. Ní ìlànà UTF-8 tí a ń lò lónìí, s gba báìtì kan, ọ gba mẹ́ta, p gba ọ̀kan, é gba méjì: méje, nígbà tí PRINT gba márùn-ún. Ìṣirò náà tọ̀nà. Ìdájọ́ tó gbé kà á ni kò tọ̀nà rárá. Ètò inú Commodore kò tọ́jú PRINT, 153 ló ń tọ́jú, 153 kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ yòówù tí o bá kọ sí ipò rẹ̀ nínú tábìlì, ì báà ní lẹ́tà ogún, báìtì kan náà ni ètò á máa san.

Mo fojú ara mi rí i. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi kan gbé Commodore 64 bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, a so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ilé. Bí iná bá lọ kí a tó gba ètò sínú kásẹ́ẹ̀tì, a ó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ẹ̀rọ náà, RAM kan wà lábẹ́ ROM tó gbé BASIC, àdírẹ́sì kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Bí o bá ń fi PEEK kà, ROM lò ń kà. Bí o bá ń fi POKE kọ, RAM ló ń gbà á. Nítorí náà o lè da BASIC látòkè délẹ̀ sínú RAM:

FOR I=40960 TO 49151:POKE I,PEEK(I):NEXT
POKE 1,54

POKE 1,54 ló ń pa ROM náà tì. Láti ìgbà yẹn, RAM ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, tábìlì sì ti di tìrẹ. GOTO bẹ̀rẹ̀ ní 41153. Fi 76 síbẹ̀, 79 sí 41154, 83 sí 41155, 201 sí 41156. Ó ti di LOSI. Gbé ètò tí o ti kọ sílẹ̀ jáde, wàá rí LOSI níbi gbogbo tí GOTO wà tẹ́lẹ̀. Ní kó ṣiṣẹ́, á ṣiṣẹ́, nítorí 137 tó wà nínú ètò kò yí padà. Ẹni tó bá sọ pé LOSI tí kò lámì kò tíì pé ní Yorùbá, mo gbà fún un. Ẹ̀rọ náà kò ní ẹ àti ọ bó ti jáde, ṣùgbọ́n ó gbà kí o ya lẹ́tà tìrẹ, báìtì mẹ́jọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ṣe é ni kò rántí wa. Àyè kọ́ ni kò sí.

Sinclair gba ọ̀nà mìíràn: lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ń jẹ́ Spectrum, P nìkan lo máa tẹ̀, PRINT á jáde, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 245. Ṣùgbọ́n ó ń tọ́jú iye lẹ́ẹ̀mejì, bí o ti kọ ọ́ àti ní báìtì márùn-ún mìíràn, ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi ń kọ NOT PI dípò 0, nítorí báìtì kọ̀ọ̀kan ni NOT àti PI ń gbà.

Ẹ̀yin olùkọ́ kọ̀ǹpútà ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó, Ìfàkì àti Ìtapá, ètò kan wà tó ń jẹ́ VICE, tó ń sọ kọ̀ǹpútà òní di Commodore 64. Ọ̀fẹ́ ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé e sínú ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ yín, kí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn yí GOTO padà kí sáà yìí tó parí.