Ìyáàlù àti Ẹni tí Ń Darí Ijó Alájọdìmú

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá: kí ni í mú ẹni tí ó ti ń jó láti kékeré máa kọsẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń darí swing, ijó alájọdìmú àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà?

Ní Savoy Ballroom ní Harlem, tí a ṣí ní 1926 tí a sì tì ní 1958, ni ẹ̀yà swing tí a ń pè ní Lindy Hop ti gbilẹ̀. Ẹni méjì ni í jó o: ọ̀kan ń darí, èkejì ń dáhùn. Nínú ìgbésẹ̀ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ jù, tí ó sábà gba kíkà mẹ́jọ, adarí yóò gba ẹnìkejì rẹ̀ mọ́ra, yóò sì tún jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ó lọ dá àrà tirẹ̀.

Nínú ijó ìbílẹ̀ tiwa, láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà, a kì í sábà di ẹlòmíràn mú jó. Ìlù ni adarí. Bí ìyáàlù dùndún bá sọ̀rọ̀, èjìká a dáhùn. Bí ó bá dákẹ́, ẹsẹ̀ a dúró. Nítorí náà, ògbólógbòó oníjó bàtá tí ó dé ìdí swing mọ bí a ṣe ń gbọ́ àṣẹ; kò tíì mọ bí a ṣe ń pa á. Lójú tèmi, onílù ni kí ó lọ wò, kì í ṣe oníjó. Onílù tí ó gbọ́n a máa sọ̀rọ̀ ṣáájú ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára ẹni tí ó ń lùlù fún. (Àwọn tí ń lùlù fún etí ara wọn nìkan wà, ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n sílẹ̀.)

Kì í ṣe agbára apá ni a fi ń darí. Adarí yóò kọ́kọ́ sún ara tirẹ̀, ọwọ́ tí wọ́n jọ dìmú yóò sì jíṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń fi apá wọ́ ẹlòmíràn lè yẹ ẹ́ ní èjìká.

Ṣùgbọ́n ìfiwéra yìí ní ààlà. Ní Savoy, ní àwọn ọdún 1930, Chick Webb tí ó jẹ́ onílù ni olórí ẹgbẹ́ olórin tí ó lókìkí jù níbẹ̀. Òun ni adarí àti ẹnìkejì jọ ń tẹ́tí sí. Ẹni tí ń darí swing kì í ṣe ìyáàlù tán. Ó súnmọ́ omele, tí ń di ìlù mú ṣinṣin kí ẹlòmíràn lè ráyè sọ̀rọ̀.