Ẹsẹ̀ Kan Tàbí Méjì Lórí Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Màpó



Ẹ jẹ́ ká wakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Màpó n'Ìbàdàn. Tó bá jẹ́ mọ́tò elépo, bí ẹ tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, yíyí ló ń yí lọ. Ẹ ó máa tẹ bíréèkì ṣáá, títí páàdì á fi gbóná, tí òórùn rẹ̀ á gba inú ọkọ̀.

Ti mọ́tò oníná yàtọ̀. Bí ẹ bá ṣe ń gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ̀rọ tó ń yí táyà á di jẹnẹrétọ̀. Táyà ló wá ń yí i, iná sì ń padà sínú bátìrì. Iṣẹ́ yẹn gan-an ló ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ẹ lè fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lórí tọ́rótù, láìtẹ bíréèkì, dá Nissan Leaf tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2017 dúró jẹ́ẹ́. Nínú Hyundai Kona oníná tí wọ́n fi hàn l'Ékòó lọ́dún 2020, awakọ̀ ló ń yan bí fífà náà ṣe máa le tó.

Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Agodi Gate, ẹlẹ́sẹ̀ kan ni mo fara mọ́. Orúnkún á sinmi. Ṣùgbọ́n bí bátìrì bá kún dẹ́múdẹ́mú, iná kò ríbi wọ̀ mọ́, fífà náà á dín kù. Ẹni tó gba iná kún mọ́jú lókè Màpó, kó múra bíréèkì sílẹ̀ láàárọ̀. Bí ọmọdé bá sì já lu títì l'Ọ́jà'ba, bíréèkì ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbáà.