Ìbọn Ìṣó Olówó Pọ́ọ́kú

Kíkan àpótí kékeré tàbí férémù fọ́tò nínú ilé kò gba ìbọn ìṣó ńlá tí àwọn akọ́lé ń lò. Èyí tó ń lo ìṣó 18-gauge ti tó. Bí nọ́ńbà gauge bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìṣó ń tín-ín-rín sí i: ti 18 nípọn tó mìlímítà 1.2, ti 16 tó 1.6. Èyí tó tín-ín-rín kì í tètè la pákó.

Ìbọn ìṣó tó ń lo afẹ́fẹ́ ni owó rẹ̀ sábà máa ń kéré jù, àmọ́ ó nílò kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, irú èyí tí fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà. Oníbátìrì wúwo, ó sì wọ́n.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ ra èyí tí imú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan igi kí tírígà tó ṣiṣẹ́. Ẹ ra gíláàsì ààbò mọ́ ọn.