Bí Ara Yín Ò Bá Gba Edé, Ẹ Má Pè É Ní Áyódíìnì

Ọ̀rọ̀ ìlera tí nọ́ọ̀sì kan, ọmọ ìlú wa, bá wa sọ ní ìpàdé gbogboogbò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún àwọn tí ò ráàyè wá.

Alága ní kí n má lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, torí ọ̀rọ̀ títì tó wọ ìlú ṣì wà nílẹ̀. Mo ti gbọ́, sà.

Ohun tó jẹ́ kí n tọrọ àyè lónìí ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan tó ń kiri lórí àwọn gúrúùpù wa. Púpọ̀ nínú yín ti rí i, àwọn míì ti fi ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ẹni tí ara rẹ̀ ò bá gba edé tàbí akàn, áyódíìnì tó wà nínú wọn ni ara rẹ̀ ò gbà. Ó ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jáwọ́ nínú iyọ̀ tí wọ́n fi áyódíìnì sí, kó sì sọ fún ọsibítù pé òun ní álẹ́jì áyódíìnì. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó wá ń kọ́ni bí èèyàn ṣe máa yẹ ara rẹ̀ wò nílé. Ẹni tó kọ ọ́ lè ní èrò rere lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn lè ṣe èèyàn ní jàǹbá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú edé tó ń bá àwọn kan jà. Ọlọ́run fi ọmọ ogun sínú ara wa láti máa bá àìsàn jà. Nínú ara ẹlòmíì, àwọn ọmọ ogun yìí á rí oúnjẹ, wọ́n á sì pè é ní ọ̀tá. Nínú edé, ohun tí wọ́n sábà máa ń pè ní ọ̀tá ni purotéènì kan tí àwọn dókítà ń pè ní tropomyosin. Inú ẹran edé gan-an ló wà, nínú iṣan tó fi ń ta pọ́ún-pọ́ún nínú omi. Akàn náà ní in. Ìgbín àti ìṣáwùrú ní irú tiwọn. Kódà aáyán ní in, àti àwọn kòkòrò tíntìntín inú eruku bẹ́ẹ̀dì tí ojú lásán ò lè rí. Iná kì í sì í pa á. Ẹ sè é, ẹ dín in, ẹ sá a lóòrùn, ẹ yan án, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ó ṣì wà níbẹ̀. Àwọn kan wà tí èéfín ìkòkò tí wọ́n fi ń se edé nìkan ti tó láti mú kí àyà wọn máa fún.

Ẹja ò sí nínú èyí o. Purotéènì tó ń dààmú àwọn tí ara wọn ò gba ẹja, ọ̀tọ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tí ara rẹ̀ ò gba edé lè máa jẹ panla àti ẹja gbígbẹ rẹ̀ lọ, bí wọn ò bá ṣáà ti sè é pọ̀ mọ́ edé.

Áyódíìnì wá ńkọ́? Kì í ṣe purotéènì rárá. Èròjà kan báyìí ni, bíi irin inú ẹ̀jẹ̀, tí kò sẹ́ni tó lè wà láàyè dáadáa láìní in. Ohun kan wà ní iwájú ọrùn wa tó rí bíi labalábá, thyroid ni wọ́n ń pè é. Áyódíìnì ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá rí i tó, á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, òun la ń pè ní gẹ̀gẹ̀, ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n dáadáa. Bó bá wá jẹ́ aláboyún ni kò ní i tó, ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ ló máa san gbèsè náà. Ìdí nìyẹn tí orílẹ̀-èdè wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi áyódíìnì sínú iyọ̀ káàkiri láti 1993. Ohun tí àgbàlagbà nílò lójúmọ́ kò ju 150 máíkírógíráàmù lọ, ti aláboyún jẹ́ 250. Kò tó ohun tí orí abẹ́rẹ́ lè gbé, ṣùgbọ́n àìsí rẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré.

Ẹ wá bá mi rò ó. Áyódíìnì wà nínú ẹyin. Ó wà nínú mílíìkì. Ó wà nínú iyọ̀ tó wà nínú ọbẹ̀ tẹ́ ẹ jẹ láàárọ̀ yìí. Ó ń yí kiri nínú ẹ̀jẹ̀ yín bẹ́ ẹ ṣe jókòó síbẹ̀ yẹn. Ẹni tó ti ń jẹ gbogbo ìwọ̀nyí láti kékeré tí nǹkan kan ò ṣe é, báwo ni áyódíìnì ṣe máa wá di ọ̀tá rẹ̀ kìkì nígbà tó bá dénú edé? Lóòótọ́, ẹni tí thyroid rẹ̀ ń ṣàìsàn lè ní ìṣòro bí áyódíìnì bá pọ̀ jù lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe álẹ́jì, dókítà rẹ̀ ló sì máa bá a sọ ọ́.

Ibo ni ìtàn yìí ti wá nígbà náà? Ọwọ́ àwa oníṣẹ́ ìlera gan-an ló ti jáde. Oògùn kan wà tí wọ́n máa ń gún sínú iṣan kí wọ́n tó ya àwòrán CT, kí inú ara lè hàn kedere. Áyódíìnì wà nínú rẹ̀. Ní 1975, dókítà kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ William Shehadi tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn tí oògùn yẹn bá jà. Ó rí i pé àwọn tí ara wọn ò gba edé àti irú rẹ̀ wà lára wọn. Àwọn èèyàn wá so méjèèjì pọ̀: áyódíìnì wà nínú edé, ó wà nínú oògùn, ó parí! Ohun tí wọn ò wò ni pé àwọn tí oúnjẹ míì ń bá jà, irú bí ẹyin àti mílíìkì, náà wà nínú ìwé kan náà. Ẹni tí ara rẹ̀ máa ń kọ nǹkan, nǹkan púpọ̀ ló lè kọ̀. Kò kan áyódíìnì. Lónìí, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń ya àwòrán ní Amẹ́ríkà, American College of Radiology, ti sọ ọ́ kedere pé álẹ́jì edé nìkan kì í ṣe ìdí láti fi oògùn náà du èèyàn. Ṣùgbọ́n irọ́ tó ti rìn fún ohun tó ju ogójì ọdún lọ, ẹ ò lè fi ọjọ́ kan dá a padà.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ohun tó ń ná wa. Ìyá kan nínú wa, mi ò ní sọ agbolé rẹ̀, inú ń rún un fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Wọ́n ní kí wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló bá a kọ fọ́ọ̀mù, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé màmá ní álẹ́jì áyódíìnì, torí pé ètè màmá wú nígbà kan tí wọ́n jẹ akàn. Ẹni tó ń ya àwòrán rí i, ẹ̀rù bà á, ó ní òun ò ní í gún un lóògùn. Wọ́n yà á lóféfé bẹ́ẹ̀, àwòrán ò hàn dáadáa. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, tí inú ń rún màmá, kí dókítà àgbà kan tó bi wọ́n pé, “Màmá, ṣé iyọ̀ máa ń ṣe yín ní nǹkan kan?” Màmá ní, “Iyọ̀ kẹ̀? Ṣé ọbẹ̀ àtẹ́ ni màá máa jẹ ni?” Ọjọ́ kejì ni wọ́n gún un lóògùn, kò sí nǹkan tó ṣe é, ìgbà yẹn ni wọ́n tó rí ohun tó wà nínú ikùn. Ara wọn ti yá báyìí. Ká ní ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́ irú èyí tí kì í dúró de ọ̀sẹ̀ méjì ńkọ́?

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi yín ní ọsibítù, ohun tójú yín rí gan-an ni kẹ́ ẹ sọ. “Mo jẹ akàn, ètè mi wú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.” Ẹ má túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Mi ò sọ pé oògùn àwòrán yẹn kì í bá ẹnikẹ́ni jà o. Ó máa ń bá àwọn kan jà. Bí irú oògùn yẹn gan-an bá ti ṣe yín rí, ẹ pariwo rẹ̀, ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ ẹ bá ní ásímà, bí kíndìnrín yín ò bá dáa, bí thyroid bá ń dààmú yín, tàbí bẹ́ ẹ bá ń lo metformin fún àtọ̀gbẹ.

Oògùn egbò tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ńkọ́, èyí tí wọ́n fi ń nu ara kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ? Ó lè ta awọ ara, pàápàá bó bá pẹ́ lára. Bó bá ti ṣe yín rí, ẹ dárúkọ oògùn yẹn fún wọn, wọ́n ní òmíràn. Kì í ṣe áyódíìnì inú rẹ̀ ló sábà máa ń fa álẹ́jì, kò sì kan edé.

Ó wá kan àyẹ̀wò. Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ní kẹ́ ẹ fi áyódíìnì kun ọrùn ọwọ́ lálẹ́, bó bá parẹ́ kílẹ̀ tó mọ́, ó ní ìtumọ̀, bí kò bá parẹ́, ó tún ní ìtumọ̀. Kò ní ìtumọ̀ kankan. Áyódíìnì máa ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ni. Ó tún ní kẹ́ ẹ fi edé díẹ̀ sẹ́nu wò bóyá ètè á wú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má dán an wò! Ẹni tó jẹ́ pé ara yíyún nìkan ló ṣe é nígbà àkọ́kọ́, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè dí nígbà kejì. Ẹ má sì fi ọmọdé dán an wò láé.

Àyẹ̀wò gidi wà, orí ìtàn ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí lẹ jẹ, báwo ló ṣe pọ̀ tó, ìṣẹ́jú mélòó lẹ́yìn rẹ̀ ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún? Álẹ́jì edé kì í sábà ju wákàtí méjì lọ kó tó fara hàn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Bó bá jẹ́ gbogbo ẹni tó jẹun nídìí tábìlì yẹn ni inú ń ṣu, edé tó ti bàjẹ́ lẹ jẹ, kì í ṣe álẹ́jì. Bí ara bá lé, ẹ fi fóònù yà á kó tó lọlẹ̀.

Lẹ́yìn ìtàn, dókítà lè kán omi tó ní èròjà edé sí apá yín, kó fi abẹ́rẹ́ kékeré gún awọ ara lókè lókè, kó wá wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 sí 20 bóyá ó wú. Ẹ ò gbọ́dọ̀ lo Piriton àti irú rẹ̀ ní bí ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, dókítà á sọ iye ọjọ́ fún yín. Ti ẹ̀jẹ̀ náà wà, ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ dá oògùn dúró. Ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò tíì parí. Ẹni tí eruku bẹ́ẹ̀dì ń bá jà lè ní bẹ́ẹ̀ ni fún edé tó ti ń jẹ láti kékeré, torí tropomyosin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí iyèméjì bá wà, wọ́n á ní kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lójú wọn nínú ọsibítù, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ adrenaline nítòsí. Kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ń ṣe é. Ọsibítù yunifásítì ni kẹ́ ẹ ti béèrè. Kó tó dìgbà náà, ẹ yẹra fún edé. Ní ti álẹ́jì áyódíìnì, kò sí àyẹ̀wò kankan fún un. Ẹni tó bá fẹ́ gbowó yín lórí ìyẹn, ẹ káàbọ̀ sílé.

Bó bá wá ṣẹlẹ̀ ní òde àríyá ńkọ́? Bí ojú tàbí ètè bá wú, tí ohùn yí padà, tí èémí ń há, tí òyì ń kọ́ni, adrenaline ni oògùn rẹ̀, itan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta ni wọ́n ń gún un sí. Piriton lè dín yíyún kù, kò lè ṣí ọ̀fun tó ń dí. Epo pupa ò ṣe nǹkan kan, mílíìkì náà ò ṣe é. Ẹ má da nǹkan kan sẹ́nu ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ń dí. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, àfi bó bá jẹ́ èémí ni kò rí mí, ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹ má jẹ́ kó dìde rìn lọ sídìí mọ́tò, ẹ gbé e. Kódà bó bá ní ara ti yá, ẹ gbé e dé ọsibítù, torí ó lè padà wá lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Nàìjíríà, 112, London, 999, Amẹ́ríkà, 911.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka nǹkan 14 tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn lára oúnjẹ, edé àti akàn wà níbẹ̀, ìgbín àti irú rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 9. Edé àti akàn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbín ò sí níbẹ̀, nítorí náà, ẹ má gbára lé ìwé ara páálí nìkan.

Nílé níbí, ẹ̀yin ìyá wa, ẹnu yín lòfin wa. Edé lílọ̀ wà nínú ẹ̀gúsí, ó wà nínú ẹ̀fọ́ rírò, nínú mọ́ínmọ́ín, nínú àsáró, ojú ò sì lè rí i. Bí àlejò bá béèrè, ẹ má sọ pé “díẹ̀ ni mo fi sí i, kò lè ṣe ọ́.” Ẹ sọ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ sì bu ìkòkò kan sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó da edé sí i, pẹ̀lú ṣíbí tirẹ̀.

Mo ti tẹ káàdì kékeré, Yorùbá wà lójú kan, Gẹ̀ẹ́sì wà lójú kejì. Ẹ máa rí ibi tẹ́ ẹ máa kọ oúnjẹ tó ń bá yín jà sí, ohun tó ṣe yín, àti ọdún tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n wà lórí tábìlì akọ̀wé, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ti kọ áyódíìnì sórí ìwé ọsibítù rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó rí mi lẹ́yìn ìpàdé ká jọ wò ó. Alága, ó ku ìṣẹ́jú méjì fún ìbéèrè.