Ẹ Máa Wo Ọmọ Màlúù Yín Láàárọ̀ àti Lálẹ́

Ọ̀rọ̀ ọmọ màlúù tuntun la fẹ́ jọ sọ lónìí. Oṣù 9 ni màlúù fi ń lóyún. Bí ọmọ náà bá kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, làálàá ọdún kan ti wọmi nìyẹn. Àìsàn rẹ̀ ò sì ń fúnni láyè: èyí tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún láàárọ̀ lè dùbúlẹ̀ lálẹ́. Ẹ máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún oṣù kan.

Ọjọ́ tí wọ́n bí i, ó yẹ kó dìde láàárín wákàtí 1, kó sì mu ọmú láàárín wákàtí 2. Wàrà àkọ́kọ́ tó ki yẹn, ẹ má dà á nù, ẹ má sì tà á. Inú rẹ̀ ni agbára tí ọmọ fi ń bá àìsàn jà wà. Ọmọ tó wọn kílò 20 yẹ kó mu tó lítà 2 láàárín wákàtí 6. Bó bá di ọjọ́ kejì, ìfun rẹ̀ ò lè gba agbára yẹn mọ́. Bí kò bá lè dìde, ẹ fún wàrà ìyá rẹ̀ sínú ìgò tó mọ́, kí ẹ rọra fi bọ́ ọ. Ẹ má rọ ọ́ o! Ẹ fi áyódìn pa ìwọ́ rẹ̀ yíká.

Nǹkan tí ẹ ó máa wò nìyí:

1. Ṣé ó ń dìde bí ẹ bá sún mọ́ ọn? Ṣé ó ń mu ọmú dáadáa?
2. Ṣé ojú rẹ̀ ò jìn wọnú? Ṣé etí rẹ̀ ò sọ̀ sílẹ̀?
3. Ṣé ìdodo rẹ̀ ò wú, tí kò gbóná, tí kò rùn? Ẹ fọwọ́ kan oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú.
4. Ṣé ó ń mí wọ́ọ́rọ́wọ́, tí kò wúkọ́?
5. Ṣé ìgbẹ́ rẹ̀ ò ṣàn bí omi, tí kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀?

Bó bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, omi tó ń tán lára rẹ̀ ló ń yára pa á. Ẹ fa awọ ọrùn rẹ̀ sókè, kí ẹ fi sílẹ̀. Bí kò bá padà lójú ẹsẹ̀, omi ti ń tán nìyẹn. Ẹ po ṣíbí kékeré ṣúgà 6 àti ìlàjì ṣíbí iyọ̀ mọ́ lítà 1 omi tí ẹ sè, tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ fún un ní lítà 1 lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kó sì máa mu ọmú rẹ̀ lọ. Bí kò bá lè dìde, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró dọ̀la.

Ẹ̀yin tí màlúù yín wà ní gáà lọ́dọ̀ Fúlàní ńkọ́? Ẹ fi í sínú àdéhùn yín pé kí wọ́n ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí ọmọ, pé wàrà ọjọ́ 4 àkọ́kọ́, ti ọmọ ni.

Kékeré la ti ń pa ẹ̀kan ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àìsàn ọmọ màlúù. Ọlọ́run á bá wa wo ẹran wa.